Ìyá ọkọ mi ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ tí àwa ò fẹ́ bí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ìpẹru:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ọmọ Ìpẹru lọkọ mi. Ọdún 7 rèé tá a ti fẹ́ra. Kó tó di pé wọ́n ṣe ìdána la ti jọ sọ ọ́ pé a ò ní bímọ. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe àìlówó. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ọmọ ọdún 10 ni mí tí mo ti ń pọn àbúrò, torí bí ìyá wa bá ti gbé gààrì lọ sọ́jà, ó dọwọ́ mi nìyẹn. Mo wẹ̀ fún wọn, mo gbé wọn lọ sọ́sípítù lóru. Lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn wa wọlé yunifásítì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ti tọ́mọ tán. Ní ti ọkọ mi, ọmọ ò wù ú rí ni.

Ládùúgbò, "ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè mí. Àwọn tá a jọ ṣègbéyàwó lọ́dún kan náà ti di Ìyá Bọ́lá, Ìyá Àyọ̀. Èmi, ìyàwó. Aláta kan ní Òkè-Ajé tiẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Ìbejì, ó ní àdúrà lòun ń gbà. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ tán, á fi èènì lé ata mi, èmi náà ò sì jiyàn.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé a ò sọ fún ìyá ọkọ mi. A jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ọmọ ló ń pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ń ṣàánú ẹni tó ń wojú Olúwa fọ́mọ, wọ́n ń bá a sunkún. Ẹni tó bá lanu ní òun ò fẹ́, àjẹ́ ni wọ́n á pè é. Mo wá sá sábẹ́ àánú.

Lóṣù tó kọjá, mo dé Ìpẹru, mo bá màmá tí wọ́n ti rù kan eegun. Ẹni ọdún 71! Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ti ta ewúrẹ́ méjèèjì tí wọ́n ń sìn, wọ́n fi owó rẹ̀ gba àgbo fún mi. Wọ́n gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi. Mo gbé e délé, mo dà á sẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn dáadáa.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún wọn? Ta ló yẹ kó sọ ọ́? Ọkọ mi ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti dàgbà.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Háà. Bí ìyá tó bí ẹ bá ti ronú báyìí, ta ni ìbá wà níbí tó ń kọ̀wé? Ọmọ lèrè ìgbéyàwó. Ta ni yóò sin yín?

Aláṣọ Òkè:
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Kò béèrè bóyá kóun bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Màmá Àgọ́-Ìwòyè:
Àbúrò mi, mẹ́fà ni mo bí, mi ò kábàámọ̀ ọ̀kan. Mẹ́rin wà lókè òkun. Lóru tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ gbé mi lọ, ọmọ aládùúgbò ló fi ọ̀kadà gbé mi dé ọsibítù. Nítorí náà, mi ò ní bá ẹ jà lórí ìyẹn.

Ewúrẹ́ yẹn ló ń dùn mí. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa febi panú lórí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé kò sí. Ọkọ rẹ ló ni ìyá, òun ni kó lọ jókòó níwájú wọn. Bó bá ti ẹnu rẹ jáde, títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé ìwọ lo yí ọmọ àwọn lórí. Kí ó sì wí pé "èmi ni mi ò fẹ́." Kó má wí pé "a ò fẹ́." Bó bá ti ní "a," ìwọ ni wọ́n á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù:
O ṣe dáadáa tí o kò mu àgbo tí o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wá lẹ ń lò kí oyún má bàa dé? Bó bá jẹ́ ọjọ́ lẹ ń kà, ọjọ́ kan á já yín kulẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi sí apá ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 sí 5, kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ń tó ọdún 10. Ti ọkùnrin náà wà, iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kì í gba agbára lára wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì sá.

Opó Ìtòrò:
Èmi ò yàn án, Ọlọ́run ò fún mi ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, a ò tíì ṣe ìjọ́ kẹjọ tán tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi wá wọn ilé. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún, bí kò bá sí ọmọ, ó di ti àwọn ọmọ ìyá òkú. Ohun tó yọ mí ni pé kọ́ọ̀tù la ti ṣègbéyàwó, ọkọ mi sì ti kọ wíìlì.

Ẹ lọ bá lọ́yà. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń fọwọ́ sí wíìlì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, á pàdánù ohun tẹ́ ẹ kọ fún un. Ẹ má sì kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ní Ìpẹru o. Ẹ ra tiyín, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rí:
Kí Bàbá má bínú, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé opó olówó tí kò bímọ ni Bílíkísù Súngbọ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Yàrà náà, tí wọ́n ń pè ní Erédò, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dókè níbòmíràn. Títí dòní ni wọ́n ń rọ́ wá síbi ibojì rẹ̀ gbàdúrà. A kúnlẹ̀ síbẹ̀, a délé, a ń bú ìyàwó oníyàwó.

Aláṣọ Òkè:
Ẹ̀gbọ́n, Súngbọ́ lówó. Ta ni yóò gbẹ́ yàrà fún aláìní?

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti ka èsì yín. Mi ò yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ẹ ra ewúrẹ́ màmá yẹn padà fún wọn. Méjèèjì.

Ìyàwó Ìpẹru:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ Màmá Àgọ́-Ìwòyè sí ọkọ mi létí. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló ní a máa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti ń fi ẹnu kọ́ ọ láti àná: "Màámi, a ò..." Mo ní, "Èmi." Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, owó ewúrẹ́ kan la tíì rí, wọ́n ti wọ́n. Ó wà lẹ́yìnkùlé báyìí, ibi tí mo da àgbo yẹn sí gan-an ló ti ń jẹko.