Wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ṣúgà wà nínú rẹ̀: ṣé ó dára ju wàrà ọlọ́ràá lọ?

Ọmọ Bàbá:
Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Dókítà ní kí bàbá mi dín ọ̀rá tí wọ́n ń jẹ kù, nítorí náà ni mo ṣe pa wàrà ọlọ́ràá tí wọ́n ń mu láràárọ̀ tì, tí mo sì ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Inú bàbá dùn sí i, àní wọ́n ní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fu mí lára, nítorí lójú tèmi, bí a bá yọ ọ̀rá kúrò nínú nǹkan, ńṣe ló yẹ kí adùn rẹ̀ dín kù. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn paálí náà wò, mo rí i pé ṣúgà ni wọ́n kọ tẹ̀lé wàrà nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti pé nínú 100 mìlílítà, ṣúgà jẹ́ gíráàmù 10, ọ̀rá jẹ́ gíráàmù 1, purotéènì sì jẹ́ gíráàmù 3.3. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n rí dìmú nínú àwọn òǹkà wọ̀nyí?

Onímọ̀ Oúnjẹ:
Ẹ ṣeun tí ẹ yí ẹ̀yìn paálí wò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ju ohun tí wọ́n kọ sí iwájú lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo gíráàmù 10 yẹn ni wọ́n bù sí i. Wàrà màlúù ní ṣúgà tirẹ̀ tí a dá mọ́ ọn, èyí tí à ń pè ní lákítóòsì, ó sì máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 5 nínú 100 mìlílítà, yálà wọ́n yọ ọ̀rá rẹ̀ tàbí wọn kò yọ ọ́. Adùn lákítóòsì kò lágbára, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń mu wàrà lásán kò fi ní sọ pé òun ń mu ṣúgà. Bí ẹ bá yọ 5 kúrò nínú 10, ohun tó kù ni ṣúgà àfikún. Nínú ife kan tó gba 250 mìlílítà, èyí jẹ́ gíráàmù 12.5, ó sì ju ṣíbí kékeré mẹ́ta lọ díẹ̀, torí gíráàmù 4 ni ṣíbí kékeré kan máa ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé e lé ìwọ̀n. Ọ̀rá inú wàrà ọlọ́ràá máa ń tó gíráàmù 3.4 nínú 100 mìlílítà, ti inú èyí tí ẹ rà sì jẹ́ 1. Ìyẹn ni pé nínú ife kan, gíráàmù ọ̀rá mẹ́fà ni bàbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, gíráàmù ṣúgà kan sì ní 4. Kálórì 54 ni wọ́n yọ, 50 sì ni wọ́n dá padà. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi lé ti òsì lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ torí kí bàbá lè fọn díẹ̀ ni dókítà ṣe sọ̀rọ̀, wàrà yìí kò ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí kolẹ́sítẹ́róòlù inú ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá wàrà ni irú ọ̀rá tí ń dì bí ó bá tutù, irú rẹ̀ ló sì ń mú kí kolẹ́sítẹ́róòlù tí kò dára lọ sókè. Ní ti èyí, ẹ ti ṣe bàbá lóore. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ mọ èyí tí ó ní lọ́kàn nínú méjèèjì.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Kí á má tìtorí ṣúgà gbàgbé pé wàrà ṣì ni. Purotéènì àti kálísíọ̀mù kì í bá ọ̀rá lọ, torí ọ̀rá nìkan ni ẹ̀rọ tí ń fi eré yí wàrà ń yà sọ́tọ̀. Ife kan ṣì lè fún ènìyàn ní purotéènì tó tó gíráàmù 8 àti kálísíọ̀mù tó sún mọ́ 300 mìlígíráàmù. Fítámì A ló ń bá ọ̀rá lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa ń dá a padà pẹ̀lú fítámì D. Ẹ ó rí i lára paálí bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn kì í fẹnu kan wàrà tí kò dùn, mo sì fara mọ́ ọn pé kó mu aládùn ju pé kó máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Onímọ̀ Oúnjẹ:
Òótọ́ ni ẹ sọ, mà, torí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè ní ṣúgà tó tó ti wàrà yìí láìní purotéènì kankan nínú. Ẹ kàn má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọdé nílò ọ̀rá láti dàgbà.

Akọ̀wé Àgbà:
Mo fẹ́ fi kún un pé Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2015. Wọ́n ní kí ṣúgà àfikún má ṣe tó ìdá mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, àti pé yóò tún dára sí i bí kò bá tó ìdajì ìyẹn. Fún ẹni tí ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 ni ti àkọ́kọ́, 25 sì ni ti èkejì. Wọn kò ka lákítóòsì inú wàrà mọ́ ọn. Ife kan tí bàbá ń mu láràárọ̀ ti kó ìdajì 25 yẹn lọ kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Bí wọ́n bá sì ní àtọ̀gbẹ, ẹ rántí pé lákítóòsì náà ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ẹ má sì dájọ́ pẹ̀lú ahọ́n nìkan. Wàrà tí wọ́n ṣe fún àwọn tí lákítóòsì ń dà nínú rú máa ń dùn ju wàrà lásán lọ láìsí ṣúgà àfikún rárá, torí wọ́n ti fọ́ lákítóòsì rẹ̀ sí ṣúgà méjì tí adùn wọn tètè ń hàn.

Ọmọ Bàbá:
Ẹ ṣeun, ẹ kú làákàyè. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀, kolẹ́sítẹ́róòlù ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣúgà yẹn náà. Mo wá ra èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ tí wọn kò sì fi ṣúgà sí, mo pò ó mọ́ aládùn ní ìdajì-ìdajì, kí n lè máa dín aládùn kù díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bàbá mu ún dé àárín, wọ́n gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wá bi mí léèrè bóyá mo da omi sí i ni.