Ẹ sọ ìrírí yín: ta ló ti fi ẹ̀yà àlòkù to rélùwéè elééfín kékeré pọ̀ rí?

Ará Alágbàkà (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí i pé àwa díẹ̀ wà níbí tí ìfẹ́ rélùwéè kékeré, àfarawé ti gidi tí a ń tò sórí tábìlì, ti wọ̀ lẹ́wù, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fàkàfìkì nínú wa, Òṣogbo tàbí Ọ̀fà ló máa forí lé. Ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ti ayé èédú ni mo fẹ́ ní, mi ò sì tíì rí ilé iṣẹ́ tó ń tà á. Ti òyìnbó ló kún ọwọ́ Hornby àti Bachmann tí wọ́n ń ṣe rélùwéè kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti tú ti òyìnbó palẹ̀ tí ẹ fi ṣe tiwa, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Tísà Yaba (Oǹdó)

Ẹ̀gbọ́n Alágbàkà, ẹsẹ̀, ìyẹn àgbá irin tó ń yí lórí ojú irin, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mo mọ̀ pé bọ́ílà gbọọrọ yẹn àti páìpù èéfín orí rẹ̀ ló máa ń fa ojú, àmọ́ ìyẹn kéré níṣẹ́. Ẹsẹ̀, ọwọ́ irin tó so wọ́n pọ̀ àti jíà lohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè gbẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ tí ẹ bá rí rà ni yóò sọ bí òkè yóò ṣe tóbi tó. Àwọn kan á ṣe òkè parí kí wọ́n tó máa wá ìsàlẹ̀ kiri. Owó lẹ ó máa ná lásán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú irin àtijọ́ wa, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ló fẹ̀, ìyẹn 1,067 mm. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́jà, HO ti Amẹ́ríkà àti OO ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 16.5 mm làwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ṣe ẹ́ńjìnnì tiwa ní òṣùwọ̀n HO, tó jẹ́ 1:87 (ìyẹn ni pé a pín ohun gidi sí ọ̀nà 87, a mú ẹyọ kan), ojú irin yẹn á fẹ̀ jù ú lọ, bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹ pín 1,067 sí ọ̀nà 64: ó lé díẹ̀ ní 16.6 mm. Ó parí! 1:64 ni tiwa. Kì í ṣe àwa la ó kọ́kọ́ dá a o. Ní Gúúsù Áfíríkà, New Zealand àti Queensland, níbi tí ojú irin ti fẹ̀ bíi tiwa gẹ́lẹ́, Sn3½ ni wọ́n ń pè é.

River class, ọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì elééfín kan ti rélùwéè Nàìjíríà, ni mo yàn láyò. Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó rọ wọ́n fún wa lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ odò ni wọ́n sì fi sọ wọ́n. Àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà rí i, ó wù wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ṣe irú rẹ̀. Òun ni 29 class tiwọn. Ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2-8-2: kéékèèké méjì níwájú, ńláńlá mẹ́jọ láàárín, kéékèèké méjì lábẹ́ yàrá awakọ̀. Mikado ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá tiwa tó bí ínṣì 48 ní ìdúró. Mikado fífúyẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1918, ínṣì 63 ni tirẹ̀. Ní HO, ìyẹn di bí 18.4 mm. Ẹ wá gbé 18.4 mm yẹn wá sí 1:64: ínṣì 46 ó lé díẹ̀. Ínṣì méjì tó dín yẹn, ta ló máa dọ̀bálẹ̀ wọ̀n ọ́n?

Àbúrò mi kan ní Amẹ́ríkà ló bá mi ra àlòkù Mikado HO kan tí ara rẹ̀ ti fọ́ yángá. Fífọ́ rẹ̀ kò kàn mí, torí ara HO kò lè bá wa ṣe. Awakọ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ 21 mm ní HO, ó sì jẹ́ 28.6 mm ní 1:64. Tí ẹ bá fi í sínú yàrá awakọ̀ àtijọ́ yẹn, orí rẹ̀ á lu àjà jáde. Mo yọ gbogbo òkè dànù. Páìpù omi 25 mm tí àwọn púlọ́mbà ń gé dà nù ni mo fi ṣe bọ́ílà, mo wé páálí tínrín lé e títí ó fi kún tó bí fọ́tò ṣe wí. Mo la ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí mọ́tò lè wọ inú rẹ̀. Àǹfààní kan tún wà lára ike: iná kì í gbà á kọjá, nítorí náà tí ara bá kan ẹsẹ̀ tàbí wáyà, kò sí ìjà. Agolo máltì ni mo gé ṣe yàrá awakọ̀. Mo fi ẹnu bírò tó ti gbẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, orí ìdè irin sì ń yọ níwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má tú ẹsẹ̀ kúrò lára ọ̀pá rẹ̀. Tí ibi tí ọwọ́ irin ti so mọ́ ẹsẹ̀ apá òsì bá wà lókè pátápátá, ti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìdámẹ́rin àyíká síra wọn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì gidi kí apá méjèèjì má baà jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà kí ó wá dúró gbagidi. Lára tiwa, ọ̀pá mẹ́rin ló wà, ìdámẹ́rin ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá yà díẹ̀ báyìí, á há. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á yọ mọ́tò, mo á gbé e sórí gíláàsì, mo á fi ìka kan ṣoṣo tì í lọ jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, mo á yọ ọwọ́ irin, mo á kọ́kọ́ dá a padà sórí ọ̀pá méjì àkọ́kọ́ nìkan, kí n tó fi ẹ̀kẹta kún un, títí mo fi mọ ọ̀pá tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn gbẹ́ ihò ọwọ́ irin kó fẹ̀. Ó máa rìn lóòótọ́, àmọ́ á máa mì jìgìjìgì bí arúgbó kẹ̀kẹ́. Èmi kì í ṣe é.

Ọmọ Rédíò (Arákálẹ̀, Àkúrẹ́)

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mọ́tò kún un, torí ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Tí mọ́tò àlòkù bá ti jóná, àwọn èèyàn á ní kí n fún àwọn ní ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀. 12 V ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ó sì lágbára. Àmọ́ pátákó kékeré kan wà nínú ikùn èyí tó pọ̀ jù tó ń mú un yí ní ìwọ̀n kan náà, kí orin má baà sáré tàbí kó fà. Ohun tó dáa fún orin kò dáa fún rélùwéè: ẹ ó máa fi iná kún un, kò ní mira, lẹ́yìn náà ló máa fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo á yọ pátákó náà, mo á jó wáyà mọ́ ibi tó yẹ tààrà. Ti CD kò ní pátákó yẹn, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ṣe é fún kéré. Ẹ fún un ní 12 V pẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn.

Tí NEPA ò bá sí, bátìrì ọ̀kadà náà 12 V ni. Ẹ fi fíúsì sí i o. Bátìrì yẹn kò mọ ọmọdé, irin kan ṣoṣo tó bá já lé ojú irin méjèèjì, wáyà á pọ́n.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀bà-Ilé)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ni mo ń ṣe, ọkọ mi ló kó mi sínú rélùwéè. Ó gbé ìbòrí rìbìtì kan wá, èyí tó máa ń wà lórí bọ́ílà, ó ní kí n bá òun ṣe irú rẹ̀ sí i. Ohun rírọ̀ tí a fi ń gba àwòrán eyín lẹ́nu èèyàn ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ó gba àwòrán rẹ̀ dáadáa, títí kan ìlà wẹ́wẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ da nǹkan sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Tó bá ń gbẹ, ó ń sún kì, ìbòrí yín á kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe púpọ̀, kí ó fi sílíkónì ṣe é. Ohun tí a fi ń ṣe èrìgì àtọwọ́dá ni mo dà sínú rẹ̀, ó le, ó ṣeé fi sáńpépà ha. Pupa rẹ́súrẹ́sú bí èrìgì ni àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ọkọ mi gbé rélùwéè tó ní ìbòrí aláwọ̀ èrìgì han àlejò, àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ará Alágbàkà (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Tísà, ìbéèrè kan ló kù: ike, páálí, agolo, ṣé ó wúwo tó láti fa nǹkan báyìí?

Tísà Yaba (Oǹdó)

Kò wúwo tó rárá. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yí lójú kan. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bálánsì táyà, ẹ tọrọ àwọn lẹ́ẹ̀dì (òjé) kéékèèké tí wọ́n ti yọ lára àgbá táyà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, torí irin ni òmíràn: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ dá a padà, kò wúwo tó lẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó o sínú bọ́ílà, níwájú àti lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ wá gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì náà sórí pẹ́ńsùlù kan ní ìbú. Àárín ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ náà ló yẹ kó ti dúró láìyẹ̀. Tó bá tẹ̀ síwájú, ẹ yọ díẹ̀ níwájú. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Tẹ́ńdà, ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń ru èédú àti omi, kò tíì parí lọ́wọ́ èmi alára. Gbogbo fọ́tò River class tí mo ní, ẹ̀gbẹ́ àti iwájú ni. Ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn, kí ó jọ̀ọ́ gbé e síbí.