Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ètò ìrànwọ́ àwọn tó ń sin oyin, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Elépo:
Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí lóru, ẹ má wo àṣìkọ mi. Lóṣù kẹta ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa pè wá sí ẹ̀kọ́ sísin oyin, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Owó ọ̀kadà nìkan ń lọ sí 3,500 náírà lójúmọ́. Ìrẹsì tí wọ́n pín lọ́jọ́ kejì ti kan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ni kò bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, àwọn tó dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú ló kọjú sí. A fara dà á. Wọ́n fún wa ní ilé oyin méjì-méjì, aṣọ funfun tó ní àwọ̀n lójú, ìbọ̀wọ́ àti agolo èéfín. Wọ́n ní tó bá di ìpele kejì, àwọn á yá wa lówó, àwọn á sì fún wa ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún oyin.

Ìpele kejì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí tèmi. Orúkọ ìyàwó onílé wa wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ oyin yàtọ̀ sí agbọ́n! Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, ó ń dún, wọn ò gbé e. Torí pé n kò ní káàdì ẹgbẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè fẹjọ́ sùn? Ṣé ìjọba àpapọ̀ náà ní irú ẹ̀kọ́ báyìí, kí n lè fi tìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn? Ọkọ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Olóko Kajú:
Ẹ kú ìdààmú, mà. Nínú ilé oyin méjì tí wọ́n fún yín, mélòó ni oyin ti wọ̀? Ẹ ò sọ ìyẹn.

Ọmọ Aṣẹ́gità:
Ìjọba kẹ̀! Èmi lọ sí irú ẹ̀ ní 2019, ìwé ẹ̀rí àti fìlà ni mo gbé bọ̀. Fìlà náà ṣì wà, ìwé ẹ̀rí ni eku jẹ. Ọdẹ ni bàbá mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Tó bá rí ihò igi tí oyin wà, á di imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, á tanná sí i, á rán èmi sí i nítorí pé mo fúyẹ́. A ó gé afárá sínú agbada, tòun ti òkú oyin, tòun ti eérú. Dúdú báyìí! Ṣùgbọ́n ó ń dùn ju èyí tí wọ́n ń tà nínú ike lónìí lọ.

Bàbá Olóyin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ìwọ ọmọkùnrin, ẹ pa gbogbo ìdílé oyin nítorí agbada kan, o tún ń fi yangàn. Lọ́dún kejì, ṣé ẹ bá nǹkan kan nínú ihò yẹn?

Ọmọ Aṣẹ́gità:
Bàbá, ẹ má bínú. Mo kàn ní kí n sọ ìtàn ni.

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí, ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ní ìlú yìí, ẹni tí kò bá pariwo, wọn ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ará Kent:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ni mo wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé oyin mẹ́rin ni mo ní lẹ́yìnkùlé. Níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ National Bee Unit. O lè forúkọ sílẹ̀ sórí BeeBase wọn lọ́fẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ wọn á sì máa wá yẹ oyin rẹ wò. Tí àrùn foulbrood bá ṣe ìdìn oyin, òfin ni pé kí o sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní pákó kan ṣoṣo o. Èmi ni mo fowó mi ra ohun gbogbo. Torí náà, ìyá wa, ilé méjì lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí iná kì í lọ lẹ wà.

Ìyá Elépo:
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Kánsẹ́lọ̀ wa ń gbé Ìbàdàn, ọjọ́ ìbò la máa ń rí i. Olóko Kajú, oyin wọ ọ̀kan lóṣù kẹfà. Wọn ò pọ̀, wọn ò ju ìwọ̀n àgbálùmọ̀ ńlá kan lọ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ṣí. Wọn ò tíì padà wá títí di òní. Ilé tí ìjọba fún wa ni kò dára, pákó rẹ̀ ò gbẹ dáadáa.

Olóko Kajú:
Kí lẹ fi fà wọ́n mọ́ra?

Ọmọ Kétu:
Mo wà ní Kétu, ní ìhà ti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ wo àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ orí ilé oyin náà tí oyin ń so afárá mọ́, ṣé mìlímítà 32 ni fífẹ̀ wọn? Káfíńtà tiwa ṣe é ní 40, oyin wá so afárá rẹ̀ gba orí igi méjì, ọ̀bẹ la fi là á, oyin dà sílẹ̀ bí omi. Èmi àti káfíńtà náà ò bára wa sọ̀rọ̀ títí di ọdún iléyá.

Ìyá Elépo:
Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé. Mo fi ìda ra ara igi náà bí ìwé wọn ṣe wí. N kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fi ọṣẹ fọ ilé náà, mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tèmi nínú àti lóde kó lè dára lójú, mo wá kó káńfọ̀ mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí èèrà. Kí ló tún kù tí mo yẹ kí n ṣe?

Ọmọ Aṣẹ́gità:
KÁŃFỌ̀???

Olóko Kajú:
Yéè.

Bàbá Olóyin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dẹ̀yìn. Ìyá, òórùn ni gbogbo ayé oyin. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ ayaba wọn, òun náà ni wọ́n fi ń pe ara wọn wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ewé tíì ra ẹnu ọ̀nà ilé wọn, torí òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin ń tú jáde nígbà tó bá ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá kó káńfọ̀ síbẹ̀! Àwọn tó wọlé lóṣù kẹfà ṣe sùúrù fún yín. Oyin ilẹ̀ wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí, kò dà bíi ti Kent yẹn.

Ní ti èèrà, ẹ wá agolo tòmátì ńlá mẹ́rin, ẹ ki ẹsẹ̀ ìdúró ilé náà bọ̀ ọ́, ẹ da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ lára mọ́tò sí i. Ẹ máa wò ó, ewé tó bá jábọ́ sí i di ọ̀nà tí èèrà máa gbà kọjá. Ẹ gé koríko tó bá kan pákó. Nínú ilé oyin, a kì í kun ọ̀dà rárá. Ẹ fi ọ̀bẹ há a kúrò, ẹ sá ilé náà sóòrùn títí òórùn á fi tán. Kó wà lábẹ́ ibòji, kí omi má jìnnà, kó má sì sún mọ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré tàbí tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì ni oyin ń pín ara wọn ní agbègbè wa, tí wọ́n ń wá ilé tuntun. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa retí wọn. Inú òjò lẹ gbé tiyín síta.

Olóko Kajú:
Ká tún sọ ti oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí kajú, ó ń pa oyin. Ẹ bi aládùúgbò yín léèrè ọjọ́ tó fẹ́ fín oògùn. Èmi pàdánù ilé márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo débẹ̀, òkú oyin kún ẹnu ọ̀nà bí ìyàngbò, àwọn tó kù ń pòyì lórí ilẹ̀. Kajú tèmi gan-an ni wọ́n fín, ọmọ iṣẹ́ mi ló fín in. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé tán la ń fín, a kì í fín in nígbà tó bá ti yọ òdòdó.

Ìyá Ìbejì:
Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wo ni gbogbo èyí dá lórí orúkọ tí wọ́n yọ? Ẹ ti wá ń dá ìyá lẹ́bi. Ìjọba ló yẹ kó wá kọ́ wọn nílé.

Ará Kent:
Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, mà. Ṣé wọn ò mẹ́nu ba òórùn ni?

Ìyá Elépo:
Mo lọ lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọmọ mi ọkùnrin ló lọ lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Òun ló sọ ti ìrẹsì. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ níléèwé.

Bàbá Olóyin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ wá ń bú olùkọ́ tí ẹ rí fún ọjọ́ kan. Ìyàwó onílé yẹn ńkọ́, ṣé oyin wọ tirẹ̀?

Ìyá Elépo:
Wọ́n ní méjèèjì ló kún. Oríire lásán ni.

Olóko Kajú:
Mà, ẹ dákun. Kí wọ́n tó lẹ orúkọ, ṣé ẹnikẹ́ni wá yẹ ilé oyin yín wò? Ìpele kejì irú ètò báyìí, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá wo ohun tí wọ́n fún èèyàn.

Alábòójútó:
Mo ti pa ìdáhùn ẹnì kan rẹ́, ẹni tó ń ta oògùn lúlúù tó ní ó ń pe ayaba oyin. Ẹ má gbówó fún un.

Ìyá Elépo:
Ọmọkùnrin kan wá lóṣù kẹjọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mo wà lọ́jà, ọmọ mi obìnrin ló mú un yíká. Ó wo ti ìta. Ó wo èkejì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan, ó lọ. Kò sọ̀rọ̀ kankan.

Olóko Kajú:
Kí ló wà nínú èkejì?

Ìyá Elépo:
Adìẹ.

Ọmọ Aṣẹ́gità:
Ẹ gbé mi ṣánlẹ̀ 😂😂😂

Ìyá Elépo:
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó ṣòfo, adìẹ sì ń wá ibi tí yóò yé sí. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo tẹ́ koríko sí i. Òun ló tún yé síbẹ̀ báyìí, ẹyin mọ́kànlá.

Ìyá Ìbejì:
Háà, àǹtí. Ẹ má lọ bá kánsẹ́lọ̀ mọ́.

Bàbá Olóyin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo rẹ́rìn-ín tán, ìyá, ẹ gbọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn fúnra yín, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ ní ẹ ṣàṣìṣe, ẹ ti túnṣe, kí wọ́n padà wá wò ó lóṣù kìíní. Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ ADP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó wà fún agbègbè yín, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní wọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá oko. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lẹ fẹ́, FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jericho n'Íbàdàn láti 1954, ń sin oyin. Yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn Abẹ́òkúta náà ń ṣe é. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ẹ̀kọ́ wọn ń bọ̀. Kẹ́ ẹ lọ fúnra yín o, kẹ́ ẹ má rán ọmọ. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń sunkún rẹ̀ yẹn, ẹni tó ní ilé méjì kò nílò rẹ̀. Aṣọ mímọ́ àti ọwọ́ tó.

Ọmọ Kétu:
Tẹ́ ẹ bá máa kórè, kó jẹ́ afárá tí wọ́n ti fi ìda dé pátá. Èyí tí kò tíì dé ṣì ní omi nínú. Tí omi bá ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ, ó máa ń kan nínú ìgò.

Ìyá Elépo:
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti yọ káńfọ̀ náà kúrò ní àárọ̀ yìí, mo sì ti gbé ilé náà sóòrùn. Ti káàdì ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́kàn mi, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Adìẹ náà ṣì ń sàba. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kó pamọ. Ṣé kí n gbé e kúrò ni àbí kí n dúró?

Bàbá Olóyin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jẹ́ kó pamọ. Ọjọ́ 21 ni ti adìẹ, nǹkan bí ọjọ́ 21 náà ni ti oyin tó ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ayaba bá ti yé e. Tó bá ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ẹ sun koríko yẹn, kẹ́ ẹ fi ìda gbígbóná ra inú rẹ̀. Oṣù kọkànlá ò tíì dé.

Ọmọ Aṣẹ́gità:
Ìyá, èló lẹ ń ta òròmọdìẹ?