Nẹ́tíwọ̀kì kò wọ àfonífojì wa: ìbéèrè láti Powys

Ìyá Ìbejì, Powys:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Inú ọkọ̀ tí mo páàkì sí ẹ̀bá ọ̀nà A483 ni mo ti ń kọ èyí, nítorí pé ibí nìkan ni fóònù mi ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì láàárín ilé mi àti ilé ìyá àgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo bá wá sí Wales, ìtòsí Llanwrtyd Wells ni wọ́n sì fi mí sí, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ilé mẹ́jọ ni mò ń wọ̀ lójúmọ́. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ tẹ áàpù iṣẹ́ kí ọ́fíìsì lè mọ̀ pé mo ti dé, bí mo bá sì ń jáde, mo gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Mẹ́ta nínú ilé wọ̀nyí wà ní ìsàlẹ̀ òkè, fóònù kì í sì í mú rárá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́fíìsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, bẹ́ẹ̀ mo ti wẹ̀ fún wọn, mo ti fún wọn lóògùn, mo sì ti po tíì àárọ̀ fún wọn. Nílé tèmi náà, bí ìyá mi bá pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, àfi kí n jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nínú òjò. Àdéhùn ọdún méjì ni mo tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí mò ń lo káàdì SIM wọn, oṣù mẹ́rin péré ni mo sì tíì lò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Carmarthen:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Fóònù yín kò bàjẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òmíràn fún yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òkè dí àárín yín àti òpó nẹ́tíwọ̀kì, ilé oko àtijọ́ ibẹ̀ sì tún jẹ́ ilé olókùúta tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba tó bá dé àgbàlá kì í lè wọlé.

Orúkọ àwọn tó ń ta káàdì ní Britain pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n òpó tí gbogbo wọn gbójú lé kò ju ti EE, O2, Vodafone àti Three lọ, Vodafone àti Three yìí sì ti di ilé-iṣẹ́ kan láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Òpó O2 ni giffgaff àti Tesco Mobile ń lò, ti Vodafone ni Lebara àti VOXI ń lò, ti Three ni Smarty àti iD Mobile ń lò. Mo ń to èyí sílẹ̀ nítorí pé mo ti rí ẹni tó fi ìbínú pààrọ̀ káàdì láìmọ̀ pé òpó kan náà ni ti àtijọ́ àti tuntun jọ ń lò. Ibi tí kò ti rí nẹ́tíwọ̀kì tẹ́lẹ̀ náà ni kò ti tún rí i.

Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbí, ní máàpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tí nẹ́tíwọ̀kì dé hàn. Ẹ tẹ postcode gbogbo ilé tí ẹ ń wọ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe ti ilé yín nìkan. Ohun tó bá sọ nípa inú ilé ni kí ẹ wò, kí ẹ sì yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, torí ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ dúró nínú ilé ìdáná ìyá àgbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ra káàdì olóṣooṣù tí kò ní àdéhùn, èyí tí òpó rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, kí ẹ fi sínú fóònù tó ń gba káàdì méjì. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀ títí àdéhùn rẹ̀ yóò fi parí. Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ kó nọ́ńbà yín lọ, ẹ kọ “PAC” ránṣẹ́ sí 65075 láti béèrè kóòdù tí ẹ óò fi kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, bí ẹ bá ṣe àdéhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyẹn gbé káàdì náà yípo gbogbo ilé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Inverness:
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n fo èyí tó rọrùn jù lọ, ìyẹn Wi-Fi calling. Ẹ wá a nínú Settings fóònù yín, kí ẹ tan án. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bọ̀ sórí nọ́ńbà yín gan-an yóò máa gba orí Wi-Fi ilé wọlé. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ káàdì ló ń fúnni ní èyí, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Nílé àwọn tí ẹ ń tọ́jú, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì kí ẹ tó lo Wi-Fi wọn.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín, bí ìyára rẹ̀ bá kéré ju 10 Mbps lọ ní gbígbà àti 1 Mbps ní fífiránṣẹ́, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ BT, ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá ilẹ̀ yìí, lábẹ́ òfin pé kí wọ́n tún un ṣe. Bí iṣẹ́ náà kò bá kọjá £3,400, ẹ kò ní san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó dá wà ní oko lè tètè kọjá iye yẹn, ẹ̀yin lẹ ó sì san àlékún. Rọ́tà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, tó ń lo káàdì 4G ni èmi lò. Onílé mi kò gbà kí n lu ògiri òkúta rẹ̀, mo wá ń gbé rọ́tà káàkiri ilé bí ẹni gbé ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn: lórí fíríìjì, kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ìlà kan, lójú fèrèsé kékeré inú àjà tó kọjú sí òpó, ìlà mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ń gbé títí di òní. Bí onílé tiyín bá gbà, áńtẹ́nà tí a kàn mọ́ ara ògiri níta, tí a fi wáyà so mọ́ rọ́tà, sàn ju èyí lọ fíìfíì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Boston ní Lincolnshire:
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fa nẹ́tíwọ̀kì pọ̀ sí i. Mo kàn ki wáyà rẹ̀ bọ iná ni, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Carmarthen:
Àbúrò, yára yọ ọ́. Òfin ọdún 2006 lórí ìgbì rédíò kò gbà kí ènìyàn kàn ṣáà máa lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2018 ni Ofcom ti fàyè gba àwọn kan nínú ilé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ mu, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ kò sì bá a mu. Ẹ̀rọ tìrẹ lè máa da òpó rú fún gbogbo àdúgbò, títí kan ẹni tó ń pe 999 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Boston ní Lincolnshire:
Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó mọ́gbọ́n wá dípò rẹ̀: kí Ìyá Ìbejì tó náwó sórí káàdì kankan, kí wọ́n dúró nínú ilé tó ń dà wọ́n láàmú, kí wọ́n wọ Settings, kí wọ́n pa yíyan nẹ́tíwọ̀kì aládàáṣe, kí fóònù fúnra rẹ̀ wá gbogbo èyí tó wà ní àyíká. Yóò to orúkọ gbogbo òpó tó ń rí láti ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Inverness:
Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ 999 kún un, torí ọwọ́ wa ni ẹ̀mí àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí wà. Bí òpó tiyín kò bá dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n tí ti ẹlòmíràn dé ibẹ̀, fóònù yóò gba ti ẹlòmíràn pe 999. Ibi tí ìpè ti ń já, àtẹ̀jíṣẹ́ lè rí ọ̀nà lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú: ẹ kọ “register” ránṣẹ́ sí 999 lónìí, kí ẹ sì tẹ̀lé èsì tó bá wá. Bí ẹ bá fi Wi-Fi pè, ẹ fẹnu yín sọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà.

Ẹ tún kíyè sí fóònù orí tábìlì. Wọ́n ti ń yọ wáyà àtijọ́ kúrò, oṣù Kìíní ọdún 2027 ni wọ́n sì fi ìparí rẹ̀ sí. Inú rọ́tà ni ti tuntun ń gbà, nítorí náà bí iná bá lọ, òun náà lọ. Ẹni tó gbójú lé fóònù ilé nítorí pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì ní ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí yóò jẹ́ kí ó lè pe 999 fún wákàtí kan ó kéré tán bí iná bá lọ, bátìrì ni wọ́n sì sábà máa ń fún wọn. Ẹ bá wọn béèrè rẹ̀, pàápàá àwọn tó so bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ mọ́ ọrùn.

Ìyá Ìbejì, Powys:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà wá jábọ̀. Mo ṣe bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe wí. Nínú ilé méjì, fóònù to orúkọ òpó kan tí kì í ṣe ti káàdì mi. Mo ra káàdì tó ń lo òpó náà, ó sì ń mú dáadáa ní yàrá ìgbàlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dé ilé ìwẹ̀. Ilé kẹta kò rí ohunkóhun. Mo gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, mo na fóònù sójú fèrèsé, ìyá náà wá ń bi mí bóyá ẹyẹ ni mò ń wò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé áàpù yẹn lè tọ́jú àkókò pamọ́ sínú fóònù kí ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Wọn kò kàn tan án fún mi ni. Wọ́n ti tan án báyìí, wọ́n sì ti tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣe. Síbẹ̀, mò ń kọ àkókò tí mo dé àti èyí tí mo lọ sínú fáìlì tó wà nílé wọn. Máàpù Google náà, alẹ́ ni mo ti máa ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kí n má bàa ṣìnà láàárín òkè.

Nílé tèmi, mo tan Wi-Fi calling. Lánàá, ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́ ìró omorogùn. Bátìrì ti ìyá tó wà ní ilé kẹta ni mò ń retí báyìí. Ọmọ wọn ti béèrè rẹ̀, wọ́n sì ní yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì.