Èsì: "orin alààyè tó wúwo", ẹ jẹ́ ká sọ Yorùbá

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní òun gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Mahavishnu Orchestra, ẹgbẹ́ olórin tó da jáàsì pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọgbà Central Park, ní New York, ní oṣù kẹjọ 1973, ẹnu sì ya òun. Ó ti rò pé jáàsì ni, pé yóò máa rọra ṣàn. Àfi bí ilé ṣe ń mì. Ìyàlẹ́nu yẹn tọ́ sí wọn. Gbólóhùn tó fi gbé e jáde ló bí mi nínú: "Orin alààyè àdàlù-jáàsì yìí wúwo gan-an ni." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọgbẹ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ n kó èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. "Orin alààyè", live ti Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ túmọ̀. Ta ló kú? Ojú agbo ni a ní. Onílù wà lójú agbo, oníjó wà lójú agbo, àwọn òǹwòran ló ṣe agbo náà. Ẹ sọ pé "eré ojú agbo", kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ yín láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ.

Wúwo ni ẹjọ́ gan-an. Ẹrù wúwo. Ọlọ wúwo. Bí ẹsẹ̀ oníjó bá wúwo, a ó ní kó lọ jókòó. Bí ọwọ́ onílù bá wúwo, wọ́n á gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo Billy Cobham, onílù ẹgbẹ́ náà, tó jókòó sẹ́yìn ìlù ẹsẹ̀ méjì, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń pe, tí tòsì ń jẹ́, tí ọwọ́ méjèèjì tún ń sáré lókè, kí ẹ wá ní ó wúwo. Èébú ni ẹ bú u. Mo mọ ibi tí wúwo yìí gbà wọlé: àwọn ará Nàìjíríà gbé e látinú heavy ti Gẹ̀ẹ́sì, àwa níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Benin gbé e látinú lourd ti Faransé tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo bí nǹkan bá wù wọ́n. Ọ̀nà méjì, kòtò kan náà.

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo ilé orin yẹn.

Èèyàn márùn-ún ni wọ́n, kò sí akọrin láàárín wọn. John McLaughlin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1971, ló ń ta gìtá ọlọ́rùn méjì, tí ọrùn kan ní wáyà 12, tí èkejì ní 6. Jerry Goodman mú fayolíìnì oníná, Jan Hammer wà nídìí dùùrù, Rick Laird mú báàsì, Cobham ń lùlù. Nígbà tí kò ti sí ohùn èèyàn, àárín orin ì bá ṣófo. Gìtá àti fayolíìnì ni wọ́n fi dí i: àwọn méjèèjì á jọ sá eré kan náà, ohùn sí ohùn, láìfi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Wáyà tó nípọn jù lórí báàsì ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti gìtá ń gbọ̀n nígbà 82, ìlọ́po méjì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ tẹ ìlà orin kan náà, etí kì í gbọ́ ohun èlò méjì mọ́, ohun èlò kan tó sanra ló ń gbọ́. Ẹ wá fi ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, kún un. Ámpù àtijọ́ tí gílóòbù wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣí i kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò ní lè gbé ìró jáde ní mímọ́ mọ́. Á gé orí ìgbì ìró náà, ìró yẹn á sì bímọ: ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́rin. Bí onígìtá bá wá tẹ 82 àti 123 pọ̀ nínú irú ámpù bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ wọn, tí í ṣe 41, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń mi àyà yín. Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n lè ya ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n sì bu èyí tó pọ̀ jù kúrò. Lójú agbo, ìró ìlù ń wọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé síwájú gìtá, ti gìtá ń wọ ti ìlù, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yà wọ́n.

Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń fara wé wọn ti ń ṣubú. Wọ́n á ṣí gìtá sókè, wọ́n á ṣí báàsì sókè, oníbáàsì á wá máa da ohùn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Ìsàlẹ̀ á di ẹrẹ̀. Laird kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni yóò mú, yóò máa tún un ṣe, kí àwọn yòókù lè rí ibi fò sí. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Kíkà wọn ńkọ́? Orin tó ṣí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kejì, ti 1973, 18 ni wọ́n ń kà níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sórí ìkíní. Ẹ lè pín 18 sí mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, ẹ sì lè pín in sí márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún àti mẹ́ta. Bí apá kan bá ń ka ti àkọ́kọ́, tí apá kejì ń ka èyí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ olùgbọ́ kò ní mọ ibi tí yóò tẹ̀, títí gbogbo wọn á fi jọ balẹ̀ lórí ìkíní, bí ọmọ odó mẹ́ta tó bọ́ sínú odó kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí mo ń sọ yìí. Ki. Ọbẹ̀ ki. Igbó ki. Ohun púpọ̀ ló ṣù mọ́ra tí àlàfo kò sí láàárín wọn. Onílù bàtá ń fi ìda sójú ìlù kí ohùn rẹ̀ lè sanra: bó bá pọ̀ jù, ìlù á di; bó bá kéré, á máa dún bí agolo. Ìwọ̀n ìda yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ yìí mọ̀. Nítorí náà, "orin kíki". "Eré wọn ki lójú agbo ju inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ." Ẹ gbé e sórí ahọ́n wò.

Àdàlù ni mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀wà àti àgbàdo ni. Àti pé ẹ má kàn kọ "jáàsì" lásán síbí mọ́, ẹ fi "orin" ṣíwájú rẹ̀. Àwọn ará Èkó á rò pé oògùn là ń tà.

Láti Kétu

Àbúrò mi ní Àjàṣẹ́, mo kí ọ. N kò kì ọ́. Inú mi sì dùn pé orí rẹ kò ki.

Ṣé o rí i? Ohùn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan, o wá yan èyí tó rọrùn jù láti ṣì kà. O gbàgbé pé kì ti oríkì máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. "Wọ́n ń ki ọba": báwo lo ṣe fẹ́ fi ojú yà á sọ́tọ̀ sí ti ọbẹ̀? Kíki, kíkì, kíkí. Pa àmì wọn rẹ́, bí gbogbo yín ti ń ṣe lórí fóònù, wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tó ń ki olówó níbi ìnáwó á ní orin kiki ni tòun, òótọ́ ló sì sọ. Ẹgbẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ní kò ní akọrin lo fẹ́ jù sáàárín àwọn akígbe?

Rinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fáyé gbọ́ ní 2001, ẹ wò ó dáadáa. Irin wà lẹ́sẹ̀ oníjó. Ìyáàlù á pe, ẹsẹ̀ á dáhùn, irin á fọhùn, gbogbo rẹ̀ á bá ilẹ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wí pé ó ki, kò sì sí ámpù kankan níbẹ̀. Ó rinlẹ̀. O ti sọ ọ́ fúnra rẹ nígbà tó o ń ròyìn ọmọ odó, o kàn kọjá lórí rẹ̀ lọ bá ọbẹ̀ rẹ. Gba ámpù kúrò nínú orin yẹn, bu báàsì kù sí ìdajì: bí ìlù ẹsẹ̀ méjì àti gìtá bá jọ balẹ̀ láìyẹ̀, yóò ṣì mi àyà. Jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú ìkejì díẹ̀, bó ti wù kó o ṣí ámpù tó, ariwo lásán ni. Àti ìdákẹ́! Ohun tó ki kò láyè ìdákẹ́, ìwọ lo ní àlàfo kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ kúkurú kí wọ́n tó balẹ̀ ni ìdajì agbára wọn.

Àdàlù tó o fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Dà á lù. Lù yẹn ló wà nínú kọlù, nínú rọ́lù, nínú forílù. Orin méjì tí a dà lu ara wọn, tí wọ́n sì ń kan ara wọn. Nínú àdàlù, ẹ̀wà kì í di àgbàdo, àgbàdo kì í di ẹ̀wà, o lè ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jáàsì ṣì wà nínú orin McLaughlin, rọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, kíkà àwọn ará Íńdíà wà níbẹ̀. Wọn kò yọ́ di ẹ̀kọ. Ẹni tó mú àdàlù wá ṣe dáadáa ju ìwọ tó bá a wí lọ. Àwọn àgbà tó sọ oúnjẹ lórúkọ lẹ́tí ju gbogbo wa lọ, wọn kì í sì í wá ọ̀rọ̀ tuntun bí ti àtijọ́ bá ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Láti Ṣábẹ

Ẹ̀yin ará Kétu, bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. A ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá àbúrò yín jà nítorí ohùn tó sọnù, ẹ wá mú rinlẹ̀ wá. Kí ni rin inú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ rìn ti ẹsẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tiẹ̀ náà ti sọnù nígbà tó pàdé ilẹ̀, ẹ sì ti bọ́ sínú kànga tí ẹ ní kí ọmọdé yà fún. Bí kì í bá ṣe rìn ti ẹsẹ̀, ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún wa. Ẹ má sọ pé àwọn àgbà mọ̀ ọ́n.

Wúwo kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ní tèmi. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu àgbà, a kì í sì í ní kí ó lọ jókòó. Ọlọ tí ará Àjàṣẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tó fúyẹ́ ni kì í jẹ́ kí ata kúnná.

Àtúnṣe kan: ẹ kọ ọ́ pé Jan Hammer wà nídìí "dùùrù". Dùùrù nìkan kọ́. Ó ní Minimoog, ẹ̀rọ orin oníná tí kì í mú ju ohùn kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ kékeré wà lápá òsì rẹ̀ tó fi ń fa ohùn náà sókè sódò, bí a ti ń fún ọsán dùndún mọ́ ìhà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi mọ ibi tí gìtá dákẹ́ sí àti ibi tí òun ti gbà á. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìyẹn nínú orin yẹn kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ. Kí ló sì dé tí ẹnikẹ́ni kò fi pe àkópọ̀ ìlù Cobham ní bátìrì, látinú batterie ti Faransé, bí gbogbo wa ti ń pè é?

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, mo gba ti Minimoog. Mo ṣì í.

Bátìrì, iná tọ́ọ̀ṣì ni. N kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu àgbà, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ni kí ẹ bi bóyá ó jó sí i. Ní ti ìdákẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ gún mi níbi tó dùn mí. Mo ṣì ń rò ó. Àmọ́ pé àwọn èèyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ki. Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí fóònù ń ṣì kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ, kí ẹ bi àwọn ìyàwó ilé bóyá ọkọ́ ni wọ́n fẹ́ tàbí ọkọ̀.

Láti Kétu

Rin, ohùn àárín. Kì í ṣe rìn. Ará Ṣábẹ, wá sí Kétu, a ó lù ú fún ọ lórí ìyáàlù kí o fi etí ara rẹ gbọ́.

Láti Ṣábẹ

Bí ẹ bá lù ú, rin àti rìn tí ilẹ̀ tẹ̀ lé, ohùn kan náà ni ìyáàlù yóò sọ. Ohun tí mo ń bi yín látàárọ̀ nìyẹn.