Ṣé a lè wó ilé bàbá wa àgbà ní Pópó Àgùdà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá. A ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, kò jìnnà sí Campos, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ, amọ̀ ni ògiri ẹ̀, iṣẹ́ ọnà wà lórí fèrèsé iwájú títí dòní. Ṣùgbọ́n òrùlé ń jò, ògiri ẹ̀yìn ti lanu láti òkè wálẹ̀. Dìfẹ́lọ́pà kan wá bá àwọn bàbá wa, ó ní òun á wó o, òun á kọ́ alájà mẹ́rin, òun á gba rẹ́ǹtì fún ọdún bíi mélòó kan kó tó padà di tiwa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti gbà, wọ́n ti ń gbé pépà kiri ká wá sáìn, olórí ẹbí ò tíì sọ nǹkan kan, àǹtí mi tó ń gbé inú ẹ̀ ní òun ò kó lọ síbì kankan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wó o, mi ò sì fẹ́ kó wó lé àǹtí mi lórí. Ṣé òfin gbà wá láyè? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Má sáìn o! Ṣé o rántí Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinubu Square? Àwọn Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ìdílé Olaiya rà á ní 1933, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday 11 September 2016 kàtàpílà wọ ibẹ̀, ó sọ ọ́ dòkìtì. Ó ṣì ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ padà bó ṣe wà.

Ìyá Kẹ́hìndé: Mo gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ní ká má wó o, ṣé ẹ ti sun irú ilé yẹn nígbà òjò rí? A gbé ọ̀kan ní Láfíàjí, gbogbo bàsíà ilé la máa ń tò sílẹ̀, ọmọ á máa wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ta ló máa fún wọn lówó àtúnṣe? Tó bá jẹ́ pé dìfẹ́lọ́pà nìkan ló lówó lọ́wọ́, ẹ má bú ẹ̀gbọ́n yẹn.

Lọ́yà Ìdúmọ̀tà: Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ńbẹ̀, ẹ má pò ó pọ̀. Ilé ẹbí ni, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ kan ò lè dá gbé e fún ẹnikẹ́ni. Táwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ káwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, kóòtù lè fagi lé e. Nítorí náà ẹ pe ìpàdé, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò lé sílẹ̀. Ìkejì, ilé tó ti gbó kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wó o fúnra yín, ẹ máa gba pámíìtì lọ́dọ̀ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ sí mùsíọ́mù l'Óníkàn, ẹ béèrè bóyá ilé yín wà lára àwọn ohun ìrántí tí ìjọba kéde, torí tó bá wà ńbẹ̀, ẹbí gan-an ò lè fọwọ́ kàn án láìgbàyè. Àti pé kí dìfẹ́lọ́pà tóó bẹ̀rẹ̀, ọdún tó máa fi gba rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, iye ẹ̀ ní pàtó. “Ọdún bíi mélòó kan” ò dára.

Bíríkìlà Àgbà: Ohun tó ń pa ilé amọ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí, omi ni. Ẹ tún òrùlé ṣe ná, kẹ́ ẹ sì wo bóyá wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri yẹn, torí sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ jáde, ògiri á rọ̀ láti inú, láìmù tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ló bá a mu. Lórí ibi tó lanu yẹn, ẹ fi POP tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ẹ̀ níbi méjì, ẹ kọ déètì sí i. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ògiri ti dúró. Tó bá sán, ó ṣì ń rìn, kí àǹtí kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ má fi tèmi ṣe òpin o, ẹ pe ìjíníà tó mọ ilé amọ̀ gan-an, kì í ṣe ìjíníà tí dìfẹ́lọ́pà mú wá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bára yín sọ̀rọ̀ nínú ẹbí.

Ìyá Kẹ́hìndé: Mo fara mọ́ tòrùlé yẹn. Ká dáwó fún páànù yá ju kóòtù lọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe olórí ẹbí, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má sáìn, ìpàdé di Saturday. Àǹtí ti gbà láti máa sun pálọ̀ iwájú ná. Èmi á lọ sí Oníkàn lọ́jọ́ Monday. Bàbá Bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti lè rí láìmù rà l'Ékòó, irú èyí tó dáa fún ògiri?