Ta ló kọ́kọ́ mú yín lọ wo Sútìn ní Liberty?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Ta ló kọ́kọ́ mú yín wọ pápá Liberty n'Ìbàdàn lọ wo Sútìn, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, kí lẹ sì rí? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní 1976. Lọ́jọ́ tí Tonnerre Yaoundé, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Cameroon, wá, bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági kí ọ̀sán tó pọ́n, ohun tí kì í ṣe láé. Pópúlà, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù, la wọ̀. Mi ò rí bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi lọ sinmi. Ẹ̀yìn àgbàlagbà kan ni mò ń wò, dàńṣíkí rẹ̀ ya lábẹ́ apá, wọ́n fi òwú funfun rán an. Ìgbà tó yá ni bàbá mi gbé mi kọ́ èjìká. A nà wọ́n 4–1. Nígbà tí ẹ̀kẹrin wọlé, bàbá mi ń fò sókè, ó ti gbàgbé pé mo wà lórí òun. Etí rẹ̀ méjèèjì ni mo dì mú. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín nílé nìyẹn o.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìrántí. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ọmọ Agbowó
Wọ́n ní Roger Milla wà nínú Tonnerre yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn? Odegbami àti Muda Lawal tiwa là ń pariwo.

Ará Òkè-Àdó
Bàbá kankan ò mú mi lọ ní tèmi, mi ò sì ní owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnu géètì làwa ọmọdé máa ń dúró sí, a ó máa wo ojú àwọn àgbà tó ń bọ̀. Ẹni tójú rẹ̀ bá rọ̀, ìwọ á di ìka rẹ̀ mú: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi wọlé." Tó bá gbà, o ti di ọmọ rẹ̀ nìyẹn títí ẹ ó fi kọjá géètì.

Ọdún 1980 tí a gba líìgì, mo di ìka ọkùnrin kan mú. Aṣọ́nà bi í pé, "Ọmọ yín rèé?" Ó ní, "Àkọ́bí mi ni." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò wo ojú mi. Àwọn tó kù máa ń já ọwọ́ wa sílẹ̀ tí a bá ti wọlé, òun ò já a. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ó da ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó kí ó má baà dànù. Nígbà tí eré parí, tí èrò ń ti ara wọn, iwájú rẹ̀ ló fi mí sí títí a fi dé ojú títì. Mi ò bi í lórúkọ. Gbogbo sáà yẹn ni mo fi ń wá ojú rẹ̀.

Ọmọ Agbowó
"Àkọ́bí mi ni." Háà.

Baálé Ilé Èkó
Ẹni tó mú èmi wọlé ní Onikan já mi sílẹ̀ bí ẹni já ẹrù ni. Àwa ọmọ Stationery Stores, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Èkó, ò mọ gúgúrú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ẹ jọ̀ọ́, Shooting Stars ni ẹ kọ. Kí ni Sútìn?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ìbàdàn ni wá, sà. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wa la ṣe kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Èmi náà di ìka mú rí! Ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo wọ̀, mo dé fìlà bo irun dídì mi, torí wọn kì í fẹ́ mú ọmọbìnrin wọlé. Ohùn tó há ló tú mi fó nílé. Màmá mi ní kí ni mo pariwo lé lórí ní ọjọ́ Sátidé. Mo jẹ̀gba, mo sì tún lọ.

Túndé 97
Ẹ̀yin àgbà, ilé ìwòran lèmi ti dàgbà pẹ̀lú Arsenal. Àwa náà ń sunkún.

Ará Òkè-Àdó
Ẹkún yín kì í ṣe irọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tí o fẹ́ràn ò lè gbọ́ ohùn rẹ. Àwa máa ń pe Felix Owolabi, á sì yíjú wò wá.

Túndé 97
Ìyẹn dùn mí díẹ̀, sà, àmọ́ mo gbà.

Baálé Ilé Èkó
Ẹ sọ ti 1984 ní Súrùlérè. Ẹ ò fẹ́ rántí ìyẹn?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Mo wà níbẹ̀. Àṣekágbá ife Áfíríkà ni. Zamalek ti Íjíbítì ti nà wá 2–0 ní Cairo, a ní Yekini á san án padà. Wọ́n tún fi 1–0 lé e níwájú wa. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, onílù kan jókòó tì mí, ó ń tú ọṣán gángan rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n tún fi pẹnáritì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1996, onílù yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Agbowó
Ẹ fi CAF Cup 1992 nu ojú. 3–0 la na Villa ti Uganda nílé wa níbí.

Ọmọ Ìnàlẹ̀ńdè
Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, ẹ dákun. Ẹni tó mú yín wọlé yẹn, ṣé ó máa ń tiro? Bàbá mi máa ń mú ọmọ ọlọ́mọ wọlé bẹ́ẹ̀. Màmá wa máa ń bá a jà lórí owó gúgúrú.

Ará Òkè-Àdó
Ọkàn mi fò sókè báyìí. Mi ò rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fìlà rẹ̀ ni mo rántí, aṣọ òkè aláwọ̀ ewé, ó gẹ̀ ẹ́ sápá òsì.

Ọmọ Ìnàlẹ̀ńdè
Àpótí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ màmá. Tí mo bá délé lọ́jọ́ Ẹtì, màá ṣí i wò.